Ògiri Kan tí Ọ̀dà Kò Kàn

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Bàbá Sójà fi wà ní mọ́ṣúárì ní Ìjẹ̀bú-Òde kí ọmọ rẹ̀ lè rí àyè kan páànù tuntun sórí ilé rẹ̀. Nígbà tí ó wà lórí ìdùbúlẹ̀ lábẹ́ páànù àtijọ́, àyè kò yọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ó kú tán ni káfíńtà tó mọ ọ̀nà abúlé náà.

Bí ó ti ń rí káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú nìyẹn, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá rí ilé tí wọ́n ń kùn ní kánmọ́kánmọ́, tí wọ́n ń ro igbó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń da yanrìn sí kòtò ojú ọ̀nà rẹ̀, ẹ béèrè ẹni tó kú níbẹ̀. Àwa kì í tún ilé ṣe fún ẹni tó ń mí. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí kò ní fi ẹnu dídùn sọ ọ́, nítorí kò dùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n fẹ́ sin ín, ilé náà ń dán. Abúlé kékeré kan ni, lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, níbi tí ó jẹ́ pé oko ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ òyìnbó ni ó yí ilé gbogbo ká. Wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wàrà kun ara ilé lókè, wọ́n fi èyí tí ó dúdú kun ìsàlẹ̀. Wọ́n lẹ táìsì mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ débi pé adìẹ tí ó ti ń rìn níbẹ̀ láti kékeré wá ń yọ̀ ṣubú. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun wà lẹ́yìn ilé fún àwọn àlejò Èkó. Bàbá Sójà, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, kò fi ìdí kàn án rí. Inú igbó ni òun ń fi ọ̀pá tẹ̀ lọ, àní nígbà tí ikọ́ ti ń dá a dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta.

Yàrá kan ṣoṣo ni ó kù tí wọn kò tíì kùn, yàrá òkú náà fúnra rẹ̀. Matilda, opó rẹ̀, ti gbé àpótí ìjókòó síwájú ilẹ̀kùn yàrá náà láti ìdájí. Ó wọ aṣọ dúdú, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ lérí ibi tí ó so ó mọ́.

Aago méje kò tíì lù tán nígbà tí Wàhábì akunlé dé pẹ̀lú garawa ọ̀dà. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá náà kú ìnáwó, ó sì ṣàlàyé pé ọ̀gá òun ní Èkó pè ní alẹ́ àná pé yàrá yìí gbọ́dọ̀ funfun kí òkú tó dé ní aago méjìlá. Matilda dá a lóhùn dáadáa, ó bèèrè ìyàwó rẹ̀, ó bèèrè ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ. Lẹ́yìn náà ó sọ fún un pé yàrá náà kò ní gba ọ̀dà. Wàhábì rò pé ìbànújẹ́ ló ń bá ìyá jà, ó gbé garawa rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì jókòó lórí bíríkì kan láti dúró de ẹni tó ń sanwó.

Ní ẹ̀yìn ilé, àwọn alásè tí wọ́n gbà wá láti Ìjẹ̀bú-Òde ti gba ilé ìdáná. Ìkòkò Matilda ni wọ́n kọ́kọ́ gbé síta nítorí pé ó dúdú. Màlúù méjì wà lórí ìso. Ràmọ́tà, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn láti ogójì ọdún, ni ó gbé ìkòkò náà lọ sílé ara rẹ̀, tí ó fi se ìkọ́kọrẹ́, tí ó sì bu díẹ̀ wá fún opó náà nínú abọ́ oníọmọrí. Ó mọ̀ pé láàárín gbogbo ẹran yẹn, kò sẹ́ni tó máa rántí fún un ní oúnjẹ àárọ̀.

Ràmọ́tà jókòó tì í lórí táìsì tútù, ó ń fetí gba ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nínú àgbàlá. Wọ́n ń yin Ayọ̀túndé, àkọ́bí òkú. Wọ́n ní ó ṣe bí ọmọ. Wọ́n ní bí Ọlọ́run bá fún ènìyàn ní irú Ayọ̀túndé kan, ó tó. Obìnrin kan tí ó ń bó àlùbọ́sà ní bàbá náà kú ikú ọlá, ẹ wo páànù, ẹ wo táìsì. Ràmọ́tà wo Matilda. Matilda ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò gbójú sókè.

“Ẹ ò fẹ́ kí n dá wọn lóhùn?” Ràmọ́tà bèèrè.

“Jẹ́ kí wọ́n bó àlùbọ́sà wọn,” ni Matilda wí. “Ọ̀sán ń bọ̀.”

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ kí Ayọ̀túndé tó dé láti hòtẹ́ẹ̀lì tí ó sùn sí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni ó ń tà ní Èkó, ọkọ̀ mẹ́ta ni ó sì kó wá. Páálí mẹ́rin ìwé ètò ìsìnkú wà nínú ìkẹta, èyí tí ó kù lára ẹgbẹ̀rún kan tí wọ́n ti pín ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá. Àwòrán Bàbá Sójà wà níwájú ìwé náà, ó wọ agbádá tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà wọ̀ fún un. Nísàlẹ̀ rẹ̀ wọ́n kọ ọ́ pé “Kápútẹ́ẹ̀nì”. Kópúrà ni bàbá náà títí tí ó fi bọ́ aṣọ ogun. Kò purọ́ ipò rẹ̀ rí, kódà fún àwọn ọmọdé tí ó máa ń kọ́ ní ìrìn sójà lójú ọ̀nà oko, tí ó bá fẹ́ kí wọ́n bá òun ru ẹ̀gẹ́.

Mobọ́lájí, àbúrò Ayọ̀túndé, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ti ka ìtàn ìgbésí ayé tí ó wà nínú ìwé náà ní ìdúró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ó kà á pé bàbá wọn ṣàìsàn fún ìgbà díẹ̀, pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńláńlá, pé ọwọ́ ọmọ rẹ̀ náà ni ó kú sí. Òun Mobọ́lájí ni ó gbé e sáàárín ara rẹ̀ àti ọlọ́kadà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, nígbà tí òtútù ti wọ̀ ọ́ láyà. Ọwọ́ òun ni ó kú sí. Ó pa ìwé náà dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó páálí wọlé, nítorí ó ti mọ́ ọn lára láti kó ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ayọ̀túndé wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ tagbádátagbádá, lẹ́yìn náà ó rí Wàhábì lórí bíríkì. Ó bèèrè ìdí tí yàrá kò fi tíì funfun. Wàhábì fi àgbọ̀n tọ́ka sí ìyá náà.

“Màmá, ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́.”

“Rárá.”

Ayọ̀túndé rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó fẹ́ tan ọmọdé. Ó ní òun mọ̀ pé ó dùn wọ́n, pé gbogbo wọn ni ó dùn, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ńlá ń bọ̀ láti Èkó. Ó ní òkú yóò sùn sínú yàrá náà fún wákàtí kan kí gbogbo ayé lè rí i, òun kò sì lè jẹ́ kí wọ́n tẹ́ bàbá òun sínú yàrá tí ògiri rẹ̀ dọ̀tí. Matilda gbọ́ ọ tán. Ó ní ìgbà wo ló ti wọ yàrá náà kẹ́yìn tí ó fi mọ̀ pé ògiri rẹ̀ dọ̀tí.

Ayọ̀túndé ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ ni, kò sì wọlé nígbà náà. Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kí bàbá rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, nítorí ó ní òun fẹ́ tètè kọjá síbi ìgbéyàwó kan ní Ìjẹ̀bú-Imùṣin.

Mobọ́lájí ni ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ó sọ ohun tí ó wà lára ògiri fún un. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, Bàámi kọ nǹkan síbẹ̀.” Ó ní ìwé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí tẹ́lẹ̀, òjò wá ba ìwé náà jẹ́, ni wọ́n bá mú èédú, wọ́n ń kọ ọ́ sára ògiri níbi orí bẹ́ẹ̀dì, apá kan ṣoṣo tí omi kì í dé. Ayọ̀túndé bèèrè irú nǹkan wo. Mobọ́lájí ní kí Bọ̀ọ̀dá lọ kà á fúnra wọn, òun kò lè fi ẹnu òun sọ ọ́.

Matilda tú kọ́kọ́rọ́ náà, ó ṣílẹ̀kùn, ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ nìkan wọlé. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó sì dúró síta. Ràmọ́tà, Mobọ́lájí àti akunlé, gbogbo wọn ń wo ilẹ̀kùn náà. Adìẹ tún yọ̀ lórí táìsì, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Ayọ̀túndé jáde, agbádá rẹ̀ ti yọ̀ kúrò léjìká kan, kò sì gbé e padà. Ó jókòó sórí àpótí ìyá rẹ̀. Mo fẹ́ sọ òtítọ́ fún yín, àánú rẹ̀ ìbá ṣe mí ní ìṣẹ́jú yẹn bí kò bá ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n ó la ẹnu.

“Kí Wàhábì kùn ún. Kíákíá.”

“Ṣé o kà á?” ìyá rẹ̀ bèèrè.

“Mo kà á, Màmá. Ọ̀rọ̀ ilé ni. Ọ̀rọ̀ èmi àti bàbá mi ni.”

“Ọ̀rọ̀ ìwọ àti bàbá rẹ ni nígbà tí ó ń pè ọ́. Ìwọ ni o pe gbogbo ayé wá.”

Ó ní bí wọn kò bá jẹ́ kí òun kun yàrá, àwọn yóò tẹ́ òkú sí pálọ̀. Matilda kò jiyàn. Ó na ọwọ́ sí Mobọ́lájí pé kí ó mú ọ̀kan wá nínú ìwé ètò ìsìnkú. Kò mọ̀wé púpọ̀, ṣùgbọ́n Mobọ́lájí ti ka ojú ewé ètò fún un ní ọjọ́ Ìsinmi, ó sì ti mọ ojú ewé náà. Ó ṣí i, ó fi ìka sí i, ó gbé e síwájú ọmọ rẹ̀. Ohun tí Ayọ̀túndé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí ó sanwó rẹ̀, tí ó tẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà, ni pé ní aago méjìlá ọ̀sán, a ó tẹ́ òkú bàbá wa sínú yàrá tí ọmọ rẹ̀ tún ṣe fún un, gbogbo ènìyàn ni a pè láti wọlé wò ó.

Ìgbéraga ló kó o sí i. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú un. Nínú ẹbí wọn, inú yàrá baálé ni wọ́n ti ń tẹ́ ẹ, kì í ṣe pálọ̀, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ni yóò sì dúró níbi orí bẹ́ẹ̀dì, tí àwọn ènìyàn yóò máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan kí òkú, kí wọ́n sì kí òun náà. Ìdí tí ó fi kọ ọ́ báyẹn nìyẹn. Ó fẹ́ dúró níbẹ̀ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wo òkè, kí wọ́n wo sílìn tuntun, kí wọ́n sì gbá a lọ́wọ́.

Olórí ẹbí dé láàárín èyí. Ayọ̀túndé gbìyànjú láti bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ nípa pálọ̀. Bàbá àgbà náà wò ó bí ẹni pé orí rẹ̀ dàrú, ó bèèrè bóyá àlejò ni baálé ilé yìí nínú ilé ara rẹ̀ tí wọn yóò fi tẹ́ ẹ sí pálọ̀. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Nígbà tí ó di aago mẹ́wàá ààbọ̀, àwọn ìyá ìjọ dé láti kọrin fún opó, Matilda sì dìde lọ kí wọn lábẹ́ àtíbàbà. Ó ti ilẹ̀kùn, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ayọ̀túndé fa Wàhábì lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Wọn kò tíì fi irin sí fèrèsé tuntun yàrá náà. Ó ní kí ó gba ibẹ̀ wọlé, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi orí bẹ́ẹ̀dì, òun yóò sì san owó iṣẹ́ náà ní ìlọ́po mẹ́ta.

Wàhábì gun fèrèsé wọlé. Nítorí pé ojú rẹ̀ kò tíì mọ́ra nínú òkùnkùn yàrá náà, ògiri tó sún mọ́ fèrèsé ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, lẹ́yìn náà èyí tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Láàárín wákàtí kan, ògiri mẹ́ta ti funfun. Ó gbé garawa rẹ̀ dé ibi orí bẹ́ẹ̀dì, ó ti rì búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà, ni ojú rẹ̀ bá bọ́ sí ìlà àkọ́kọ́. Ó kà á. Ó ka èyí tó tẹ̀lé e. Ó ń kà títí ọ̀dà ń kán láti ara búrọ́ọ̀ṣì sórí bàtà rẹ̀.

Ó gba fèrèsé jáde pẹ̀lú garawa rẹ̀. Ayọ̀túndé bèèrè bóyá ó ti tán.

“Ó ku ògiri kan, sà. Ẹ wá ẹlòmíràn kùn ún,” ni Wàhábì wí. “Bàbá mi ṣì wà láyé.”

Ó gbé garawa sẹ́yìn ọ̀kadà, ó lọ kírun Jímọ̀. Kò gba owó ìlọ́po mẹ́ta, kò tilẹ̀ gba ìlọ́po kan. Ayọ̀túndé wá búrọ́ọ̀ṣì káàkiri, ṣùgbọ́n akunlé ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ní àkókò yẹn náà sì ni wọ́n gbọ́ fèrè ọkọ̀ òkú láti ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀.

Mobọ́lájí sáré lọ bá ìyá rẹ̀, ó fà á wọ inú yàrá, ó sì kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí ìyá òun jẹ́ kí àwọn ta aṣọ bo ògiri náà. Ó ní kì í ṣe ti Bọ̀ọ̀dá nìkan, orúkọ gbogbo àwọn ni yóò bàjẹ́, wọn yóò máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ilé ìwé òun.

Matilda wo àwọn ògiri mẹ́ta tó funfun. Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìkọ̀wé èédú náà ti dúdú sí i láàárín funfun yẹn, ó hàn ketekete láti ẹnu ọ̀nà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

“Mobọ́lájí,” ó ní, “ìwọ ta ọ̀rá bo páànù. Ìwọ gbé e lórí ọ̀kadà. Orúkọ rẹ wà lára ògiri yìí, dáadáa ni ó sì kọ ọ́. O fẹ́ kí n fi aṣọ bò ó?”

Mobọ́lájí kò mọ̀ pé orúkọ òun wà níbẹ̀. Kò ka dé ìsàlẹ̀ rí, ẹkún kò jẹ́ kí ó kà á. Ó wò ó. Ó dìde, ó nu orúnkún rẹ̀. Kò tún sọ̀rọ̀ aṣọ mọ́.

“Lọ bá mi mú àwọn bàsíà wá,” ni ìyá rẹ̀ wí.

Bàsíà mẹ́ta ni, àwọn onírin aláwọ̀ ewé tí etí wọn ti ré. Matilda gbé wọn sílẹ̀ níbi tí wọ́n máa ń wà gan-an. Ọ̀kan wà níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, ìkẹta sì wà láàárín ilẹ̀ níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ ti yà fún un. Ó gbé wọn síbẹ̀ lábẹ́ sílìn tuntun, lábẹ́ páànù tí òjò kan kò tíì bá jà, nítorí òjò ti dáwọ́ dúró fún ọdún yẹn.

Wọ́n gbé òkú wọlé. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nínú aṣọ funfun. Ojú rẹ̀ kéré ju bí wọ́n ṣe rántí rẹ̀ lọ. Matilda fi fìlà sójà rẹ̀ sí i lórí, ó tò ó dáadáa sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, bí bàbá náà ti ń tò ó ní gbogbo ọjọ́ ìrántí àwọn akọni, tí yóò sì dé e lọ sí oko. Ó fà sẹ́yìn lọ jókòó sí igun yàrá. Olórí ẹbí ní kí Ayọ̀túndé lọ dúró síbi tí ó yẹ kí àkọ́bí dúró.

Ó lọ. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri náà, ó sì na agbádá rẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì. Ó fẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé náà fẹ̀ jù ú lọ. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Wọ́n ń kọsẹ̀ lára bàsíà, wọ́n ń wo ilẹ̀, wọ́n ń wo òkè, wọ́n ń wá ibi tí ó ń jò. Ọ̀gá kan láti Èkó bèèrè ohun tí àwọn bàsíà náà ń ṣe. Matilda dá a lóhùn láti igun rẹ̀ pé wọ́n bá ọkọ òun gbé, òun kò fẹ́ kí wọ́n pàdánù ìsìnkú rẹ̀. Ọ̀gá náà kí òkú kíákíá, kò sì gbá Ayọ̀túndé lọ́wọ́.

Aago méjìlá ààbọ̀ ni Sàlàkọ́ dé láti Ìbẹ̀fún. Òun àti Bàbá Sójà ni wọ́n jọ lọ sógun ní ọdún kan náà, wọ́n sì jọ padà. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó ń dì í mú. Ó dé fìlà bíi ti òkú. Ní ẹnu ọ̀nà ó ti ka “Kápútẹ́ẹ̀nì” nínú ìwé ètò ìsìnkú, inú rẹ̀ kò sì dùn. Ó dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó na ara rẹ̀ gbọọrọ, ó gbé ọwọ́ sí iwájú orí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Kópúrà Bọ́dúnrìn,” ó ní.

Nígbà tí ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sára ògiri. Ó sún mọ́ ọn. Ó bèèrè ẹni tó kọ èyí, ó sì ti mọ̀ kí wọ́n tó dá a lóhùn. Ó yíjú sí àwọn tó wà nínú yàrá àti àwọn tó ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣàlàyé fún wọn pé lójú ogun, ẹni tó bá ń ṣọ́nà gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ohun tó rí sílẹ̀, kí ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní Bọ́dúnrìn kì í fi ìlà kan sílẹ̀, kò sì kọ irọ́ rí. Ó ní ìṣọ́ ni ọkùnrin yìí ń ṣọ́ níbí.

“Sún, ọmọ mi,” ó sọ fún Ayọ̀túndé. “O dí mi lójú.”

Ayọ̀túndé wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wò ó padà, kò ṣẹ́jú. Ó sún.

Sàlàkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń pe orúkọ ní bárékè, ohùn tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìròyìn rere àti búburú.

“Oṣù kẹrin, ọjọ́ kejìlá. Òjò. Mo pe Túndé. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

“Oṣù karùn-ún, ọjọ́ kẹta. Òjò. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mo pe Túndé. Ó ní òun wà ní mítìn.

“Oṣù karùn-ún, ọjọ́ kọkàndínlógún. Òjò. Ìyá Túndé gbé bàsíà kẹta wá. A kò sùn.

“Oṣù kẹfà, ọjọ́ kejì. Túndé pè. Ó ní kí n bá òun kí gbogbo ilé. Kò bèèrè òjò.

“Oṣù keje, ọjọ́ kẹjọ. Òjò. Mobọ́lájí ta ọ̀rá bo páànù. Ọmọ dáadáa.

“Oṣù keje, ọjọ́ kẹrìnlá. Afẹ́fẹ́ gbé ọ̀rá lọ. Òjò. Mo pe Túndé. Kò gbé e. Mo pe Túndé. Kò gbé e.

“Oṣù kẹjọ, ọjọ́ ogún. Òjò. Ikọ́. Mo pe Túndé. Ó ní òun fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà kí ó dára.”

Àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì ti wọlé, ó di ìwé rẹ̀ mú sí àyà. Obìnrin tó bó àlùbọ́sà láàárọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ayọ̀túndé ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́.” Ó ní òótọ́ ni, òun fẹ́ ṣe é kí ó dára.

“O ti ṣe é,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Ó dára gan-an. Gbogbo wa la rí i.”

Ó ku ìlà kan. Ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, níbi tí ọwọ́ ẹni tó dùbúlẹ̀ lè dé. Sàlàkọ́ tẹ̀ba díẹ̀díẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ dì í mú, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan yìí, ohùn bárékè náà kò bá a dé òpin.

“Oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ kejìdínlógún. Òjò. N kò pe ẹnikẹ́ni.”

Ó nàró. Ó ṣí fìlà rẹ̀. Láti ìta, àwọn akọrin ìjọ tí wọn kò mọ ohun tó ń lọ ti bẹ̀rẹ̀ orin, ẹnìkan sì ń ké sí wọn kí wọ́n dákẹ́. Ayọ̀túndé ti fi ojú pamọ́ sínú agbádá rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sún mọ́ ọn.

Matilda dìde láti igun rẹ̀. Ó yà fún bàsíà àárín bí ó ti ń yà fún un ní gbogbo ìgbà òjò, ó rìn dé ẹ̀gbẹ́ Sàlàkọ́, ó sì fi ọwọ́ kan apá rẹ̀.

“Bàbá Ìbẹ̀fún,” ó ní, “ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Àwọn tó wà níta ò gbọ́.”